Eyín Tí Wọ́n Tò Sẹ́nu Ìyá Mi

Igba náírà ni mò ń ta ìdì pákò kan ní Muṣin lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé, tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé pósítà ìsìnkú ìyá wa dé.

Eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Màmá. Òun ló fi ń pa àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà to eyín funfun sí i lẹ́nu nínú àwòrán náà! Ọmọ mi bú sẹ́kún: "Èyí kì í ṣe Màmá!"

"Èèyàn ńlá ń bọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n sọ.

Mo ní, "Ìyá tó ń fi ẹran tirẹ̀ fún wa jẹ, kí ló fẹ́ fi eyín ṣe?"

Mo fa gbogbo pósítà náà ya. Mo ní kí wọ́n tẹ òmíràn, tí eyín kan ṣoṣo wà lẹ́nu Màmá. Ó ná mi ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.