Ọjọ́ tí Tiya Bining Wọ Omi Pansol

Tiya Bining ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Tó bá gbọ́ pé mo ń kọ nǹkan nípa òun, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí ẹni tó lẹ́wà kọ̀wé nípa rẹ̀ ni?" Kò kúkú parọ́. Tiya kò jọ obìnrin ara kàlẹ́ńdà. Ó kúrú, ó ki, èéfín ti sọ ẹyinjú rẹ̀ di pupa, apá rẹ̀ ọ̀tún sì le ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, nítorí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń gbé ìkòkò ìrẹsì ka iná tó sì ń sọ̀ ọ́ ní búkà rẹ̀ nídìí ibùdó àwọn oní-márúwá ní Pasig. Àwọn oní-márúwá bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó bá jẹun tí kò kó àwo rẹ̀ padà, Tiya á pariwo orúkọ rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Lọ́dọọdún, tí oòrùn oṣù kẹrin bá ti mú tán, gbogbo ẹbí wa máa ń háyà jípínì lọ sí Pansol, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti ẹsẹ̀ Òkè Makiling. A máa ń háyà ilé kan tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tiẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ wa la sì máa ń gbé lọ. Bí a bá ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni a ó ti máa já sínú omi bí àkèré. Ẹnì kan péré ni kì í wọ omi. Ẹni yẹn á ti wà nídìí èédú, á máa sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀, á máa yí ẹja, á máa lé eṣinṣin. Ìgbà tó bá fi máa parí, ara rẹ̀ á ti gbóná, kò sì ní lè fẹsẹ̀ kan omi mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdí ni pasma. Nílé wa, a kì í fi pasma ṣeré. Ẹni tí iná bá ti mú ara rẹ̀ gbóná, tó wá lọ kó sínú omi, iṣan rẹ̀ á wú, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Lola Uping, ìyá ìyá mi, tí í ṣe ìyá ọkọ Tiya Bining, mọ obìnrin kan ní Pateros tó lọ aṣọ tán tó sì fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ká kò bí ti àkùkọ tó di ẹ̀ka igi mú.

Mo bi Lola rí pé, "Lola, omi Pansol gbóná. Iná náà gbóná. Kí ló máa bá gbígbóná jà nínú gbígbóná?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Omi ni omi ń jẹ́. Tí wọ́n bá wọ bàtà fún ajá, ṣé ó ti di ọ̀gá iléèwé nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n Tiya kò rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà gba pasma gbọ́. Ìbá jẹ́ pé kò gbà á gbọ́ ni, ì bá ti yọ́ wọ omi nígbà tí Lola bá ń sùn.

Lọ́dún tó kọjá, bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú jípínì, Tiya jókòó tì mí, aṣọ rẹ̀ gbẹ táútáú, ó ń rùn bí ẹran sísun. Irun mi ṣì tutù. Ó kàn ṣàdédé gbá irun mi mú, ó gbé e sí imú.

"Tiya, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ bí omi yẹn ṣe ń rùn."

"Ó ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá."

"Mo ti gbọ́ ọ," ó ní, ó sì jù ú sílẹ̀. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi òkú, mi ò rí ẹ̀rín rín títí a fi délé.

Lọ́dún yìí, ó ku ọjọ́ méjì ká lọ, ó pè mí wọ ẹ̀yìn búkà. Ọbẹ̀ àgbọn àti ata ń hó lórí iná, irú èyí tí wọ́n máa ń sè ní Bikol níbi tí wọ́n ti bí i.

"Mayang, tí mi ò bá fọwọ́ kan iná ní gbogbo ọ̀la, ṣé ara mi á ti tutù ní àárọ̀ Sátidé?"

"Á tutù bí ẹja inú yìnyín."

"Mo máa wọ omi nìyẹn."

"Ta ló wá máa dáná?"

"Mi ò mọ̀," ó ní, bí ẹni tí wọ́n bi ní iye tí wọ́n ń ta iyọ̀ ní ọjà tí kì í ná. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ẹnu ẹ ńkọ́? Ẹnu ẹ tó ń jò bí ajere."

"Mo ti fi okùn dì í, Tiya."

"Tó bá já, màá fi abẹ́rẹ́ rán an."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti búkà pa. Ó sọ fún àwọn oní-márúwá pé gáàsì ti tán. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó sọ fún Tiyo Ambo, ọkọ rẹ̀, pé òun wà ní búkà tí òun ń se oúnjẹ ìrìn àjò. Irọ́ kọ́ ni, ó kúkú wà ní búkà. Èmi àti ẹ̀ ń di ẹrù sínú àwọn ìkòkò ńlá, à ń fi aṣọ so ìdérí wọn pinpin. Ó ní kí n má lọ aṣọ òun o, òun náà ò sì fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jẹ sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, Tiyo Ambo ló gbé àwọn ìkòkò sínú jípínì. Láti ilé ló ti wọ ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ pupa rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń dún.

"Bining, kí lo kó síbí? Òkúta ni?"

"Ṣáà máa gbé e."

"Òórùn adóbò ti ń ta sí mi."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òórùn ẹran tí wọ́n fi fínígà sè, tí kò sì sí níbẹ̀! Kò sí ẹni tó tú aṣọ wò. Kí ni wọ́n fẹ́ máa tú u fún? Láti ọjọ́ tí Tiya ti wọ ẹbí wa, ìkòkò rẹ̀ kò ṣófo rí, nítorí náà kò sí ẹni tó bi í ní nǹkankan rí.

Nígbà tí a dé Pansol, àwọn ọmọ pariwo pé ebi ń pa àwọn. Tiyo Ambo tú ìkòkò tó tóbi jù. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó fà yọ ni táwẹ̀lì aláwọ̀ àlùkò kan, lẹ́yìn rẹ̀ ṣòkòtò péńpé, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan tí olóṣèlú kan tó fìdí rẹmi ní àdúgbò wa pín, tí orúkọ rẹ̀ ṣì tàn yanran ní igbáàyà.

Ó gbé ẹ̀wù náà sókè. "Bining. Adóbò dà?"

"Ó wà nínú ìkòkò kejì."

Ó tú ìkejì. Ẹran tútù lórí yìnyín, àlùbọ́sà ayù lẹ́gbẹ̀ẹ́, fínígà nínú ìgò.

"Ó tutù!"

"Èmi náà tutù," Tiya wí. Ó gba ẹ̀wù olóṣèlú lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ń lọ wọ omi."

Tiyo Ambo wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹran, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé eré lò ń ṣe ni?"

"Ṣé ojú mi jọ ojú eré?"

"Dúró ńbẹ̀!" Lola Uping ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde lórí àga rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Àyà mi já, nítorí tí Lola bá sọ pé rárá, Tiya kò ní wọ omi. Kò já Lola níyàn rí láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó ilé.

"Mú ọwọ́ ẹ wá."

Tiya na ọwọ́ méjèèjì. Lola tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tẹ ọrùn ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Adìyẹ tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà kò rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lo kan iná kẹ́yìn?"

"Ìjẹta, Inay." Inay, ìyẹn ìyá, ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń pe Lola.

"Áyọ́ọ̀nù ńkọ́?"

"Ẹ wo aṣọ lára mi."

Lola wò ó. Aṣọ náà wunjọ bí ojú ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. "Mo ti rí i látàárọ̀. Mo ní bóyá ìwọ àti Ambo ló jà." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Tiya. Ó hàn pé ó ń wá ọ̀nà tí òfin rẹ̀ fi lè dá Tiya dúró, kò sì rí i. "Ara rẹ̀ tutù," ó wí fún gbogbo wa, bí adájọ́ tí ìdájọ́ kò dùn mọ́ nínú. "Àmọ́ ta ló máa bọ́ wa?"

"Ọmọ yín ní ọwọ́ méjì, Inay," Tiya dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà lẹ bí i bẹ́ẹ̀."

Ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó fi ẹsẹ̀ kan kan omi, ó dúró. Ó fi èkejì sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi fi dé ọrùn rẹ̀, ẹ̀wù olóṣèlú ru sókè yí i ká bí agboòrùn, ó sì di ojú. Mo bi í pé báwo ni.

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ó ní.

Nídìí èédú, nǹkan ò rọgbọ. Tiyo Ambo fẹ́ iná títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó sáré wá sétí omi. "Bining, fínígà, ìwọ̀n wo ni kí n bù sí i?"

Tiya fa èémí, ó ri orí bọ omi. A rí ìhó omi díẹ̀ tó ń yọ. Tiyo dúró. Nígbà tó rí i pé ìyàwó òun kò ní jáde àyàfi tí òun bá lọ, ó lọ.

Ó tún padà wá. "Ìrẹsì ń rùn!"

Tiya tún ri.

Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ ni Nining, àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó wá jókòó sétí adágún, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Nanay, ebi ń pa mí gan-an. Ẹ kàn wá bá Tatay yí ẹran yẹn lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo rí Tiya tó dìde. Omi ń ro láti ìgúnpá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ èéfín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé tó bá dé ìdí iná yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn títí di ọdún tó ń bọ̀.

"Nining," ó ní nígbẹ̀yìn, "bàbá ẹ ló wà níbẹ̀ yẹn. Gba abẹ̀bẹ̀, kó o lọ bá a fẹ́ iná."

Ó sì padà jókòó sínú omi. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í ṣe pasma.

Èmi náà ò burú jù. Mo sáré lọ sẹ́nu géètì, mo ra wàrà tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì àti páì àgbọn tútù lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri, mo fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi panu. Ti Tiyo Ambo, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sán ti lọ dáadáa kí oúnjẹ tó jinná. Ìsàlẹ̀ ìrẹsì di èédú, òkè rẹ̀ ń dún lẹ́nu. Ẹran sì dúdú níbi kan, ó pupa níbi kejì. Tiyo Ambo nu ojú, ó bọ́ ẹ̀wù, ó kọrí sí adágún.

"Ambo!" Lola ké. "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ wọ omi, Inay."

"Pẹ̀lú ara tó ti kan iná?"

"Inay, omi gbígbóná ni!"

"Omi ni omi ń jẹ́."

Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan á gbèjà rẹ̀. Mo tújú ká. Ó jókòó sétí adágún nínú ṣòkòtò pupa rẹ̀ tó gbẹ, ó ká ẹsẹ̀ kò kó má baà kan omi. Ó kọjú sí Tiya.

"Bó ṣe máa ń rí fún ẹ nìyí?"

"Báwo?"

"Kéèyàn máa wo àwọn ẹlòmíì."

"Lọ́dọọdún," Tiya wí.

Tiyo dìde lọ bu ìrẹsì àti ẹran sórí ewé, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan sí i, ó padà wá, ó sì ń fi ọwọ́ bọ́ ọ níbi tó wà nínú omi.

"Iyọ̀ ti pọ̀," Tiya wí.

"Gbé e mì, jàre."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé náà ní àsìkò wa ti tó. Ní Pansol, tí àwọn kan bá ti ń lọ, wọ́n á tú omi dànù kí wọ́n lè rọ tuntun fún àwọn tó ń bọ̀. Ó ṣí ihò ìsàlẹ̀ adágún. Gbogbo wa jáde. Tiya kò jáde.

"Tiya, ó ti tó o!" mo pè é láti inú jípínì.

"Mo gbọ́."

Omi sọ̀ kúrò ní ọrùn rẹ̀, ó dé àyà. Ọkùnrin náà ń wo aago. Omi dé ìbàdí rẹ̀. Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnì, ó tẹ fèrè.

Lola fi ọ̀pá gbá a léjìká. "Pa ẹ́ńjìnì. Jẹ́ kó parí."

Ó pa á. Tiya jókòó lórí táìlì, ó na ẹsẹ̀, ẹ̀wù olóṣèlú lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ mọ́. Nígbà tí ìyókù ń yí ká ẹnu ihò náà, tó ń dún bí ẹni ń fa ọbẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà. Omi dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́.

Tiya wò ó, ó wo omi kékeré náà. Ó dúró títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ kúrò, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ̀wù rẹ̀.