Ìró Tí Àna Mi Ró Lọ Bá Àwọn Ọmọ Ògòǹgò

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ. Ó ń tọ́ ọmọ ògòǹgò nínú igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Wọ́n ní ògòǹgò lọba ẹyẹ. Ọba náà kì í tètè gbọ́n. Ẹ̀rọ ló ń bá wa sàba lé ẹyin wọn, nínú yàrá kan tó móoru. Àbúrò mi á gbé etí lé ẹyin. Bí ọmọ bá ti ń súfèé nínú èèpo, òun náà á máa kun orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Orin yẹn náà ló ń kùn nílé tó bá ń fọ abọ́. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọn ò mọ ìyá méjì. Ibi tó bá lọ ni wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ, irun wọn gan bí ti òòrẹ̀, ọrùn wọn ṣe tótòtó bí awọ ẹkùn.

Ó gbọ́dọ̀ máa mú wọn rìn. Ọmọ ògòǹgò tí kò bá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́. Ẹsẹ̀ tó bá ti wọ́ kì í sábà nà mọ́.

Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gàgàrà, onírùngbọ̀n. Kì í fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo fẹ́ ẹ, àwọn ẹyẹ ló ń bá a gbé.” A á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń fọ ilẹ̀ yàrá ẹyin. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi í tẹlẹ̀. Àwọn ọmọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ọ̀gá wa pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Àwọn ọkùnrin tó ń fún wọn lóúnjẹ fi ewé tútù hàn wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń pè lọ́ba ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo lọ sọ fún àbúrò mi nílé. Ó ní bóyá ìró òun ni wọ́n ń wá, aláwọ̀ ewé tí òun fi ń ṣiṣẹ́. Orúnkún tèmi ò gbọ́ tèmi mọ́, ó sì ní àwọn ará ibi iṣẹ́ le lọ́wọ́ jù. Ló bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kí ni òun gbọ́ yìí, kí òun ró ìró láàárín ọkùnrin, kí wọ́n máa fi òun kọrin nídìí iṣẹ́?

Àbúrò mi ò bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n ní kékeré inú wọn ò tíì dìde láti àná. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wọ́, ó parí nìyẹn.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àna mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ró ìró lé ṣòkòtò.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò wọ́n. Ó kọjá níwájú àwọn ọmọ ògòǹgò. Wọ́n wo ìró, wọ́n wo irùngbọ̀n, wọ́n tún gbé orí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún wọn lóúnjẹ ní, “Ìyàwó, ẹ rọra rìn, ìró ń tú o.” Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé àna mi máa tú u dànù kó máa lọ ni. Àmọ́ ó lóṣòó ti kékeré yẹn. Bí inú bá ń bí ọkùnrin yìí, kì í pariwo, kíkùn ló máa ń kùn. Orin àbúrò mi ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn náà nípọn bí ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, ṣùgbọ́n kò ṣi orin kọ. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ ọ.

Kékeré gbé orí. Ó dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Àwọn yòókù bá dìde. Àna mi kó wọn yí ọgbà ká, ìró ń wọ́ nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nírọ̀lẹ́ a jọ dé ilé. Àbúrò mi wo ìró náà, ẹrẹ̀ ti kún etí rẹ̀.

“Bàbá wọn, èyí kọ́ ni ìró iṣẹ́ mi. Èyí tí mo fi ń jáde lẹ ró.”

“Ṣé aláwọ̀ ewé kọ́ lo ní ni?”

“Ewé ju ewé lọ.”

Ó wá béèrè pé kí ni àwọn ọmọ náà rí tí wọ́n fi tẹ̀lé e. Àna mi ń fa irùngbọ̀n. Èmi ni mo sọ ti orin fún un. Àbúrò mi wo ọkọ rẹ̀. Ó wá béèrè kékeré.

“Ó rìn. Ó tiẹ̀ fẹ́ sáré jù mí lọ.” Àna mi tú ìró náà, ó ká a, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀. “Lọ́la, ṣòkòtò ni mo máa wọ̀ lọ.”