Bàbá Ó-ń-mì-díẹ̀ àti Àga Tó Ní Kí Wọ́n Má Rà

Ọ̀rọ̀ àga tí Bàbá kọ̀ láti tà ni àdúgbò ṣì ń fi rẹ́rìn-ín títí di òní. Káfíńtà ni Bàbá, àga nìkan ló sì ń kàn. Kò kan ìlẹ̀kùn, kò kan bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun kò dára, kí ẹnikẹ́ni má rà á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin olùkọ́ kan ti dé.

“Ẹ káàsán, sà. Àga tẹ́ ẹ ní ká má rà, òun ni mo wá rà.”

Bàbá yọ pẹ́ńsù létí. “Ṣé ẹ ò ka ohun tí mo kọ ni?”

“Mo kà á, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Kí ni mo wí níbẹ̀?”

“Ẹ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lápá ọ̀tún kúrú. Ẹ ní ó ń mì díẹ̀. Ẹ ní ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń gé e ni ẹnì kan kí yín, tẹ́ ẹ wá gbójú sókè láti dáhùn.”

“Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kà á. Ó dàbọ̀.”

Obìnrin náà kò lọ. Ó fa àga náà sọ́dọ̀, ó jókòó lé e. “Mo ra mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lódìkejì títì yìí. Wọ́n ní kò sí àbùkù kankan lára wọn. Méjì ti dá, ẹ̀kẹta ti fa aṣọ mi ya. Èyí tí mo ti mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni mo fẹ́.”

“Ẹ dìde kí n tún un ṣe.”

“Ẹ má tún un ṣe o! Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ ẹ.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí fún bíi wákàtí méjì. Ẹni tó bá ń kọjá á yà wọlé láti bá wọn parí ìjà, á sì bá ìjà náà lọ. Níkẹyìn, Bàbá gbà. Ó ta àga, ó sì gé igi pẹlẹbẹ kan tí obìnrin náà yóò máa ki bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú. Ó fi ìwé wé igi ọ̀hún, ó kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sára ìwé náà, ó sì ní kí ó kà á sókè kí ó tó jẹ́ kó jáde.

Bàbá Ó-ń-mì-díẹ̀ là ń pè é. Kò sí àga tó bá fọwọ́ tẹ̀, ì báà jẹ́ tiẹ̀, ì báà jẹ́ ti onílé tó gbà á lálejò, tí kò ní sọ pé, “Ó ń mì díẹ̀.” Wọ́n ní ọjọ́ tó lọ tọrọ ìyàwó pàápàá, ó kọ́kọ́ dojú àga àna rẹ̀ dé kí ó tó kí wọn. Nígbà tí ó tún àga náà ṣe tán ni wọ́n tó fún un lọ́mọ.

Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn tó máa wá a káàkiri bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọdún tí ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ṣí, pẹ̀lú gíláàsì àti iná tó ń ṣẹ́jú, gbogbo oníbàárà sọdá títì. Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, á sì máa kí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Odidi oṣù kan, ẹni tó wọlé kò ju ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wá bá a. “Bàbá, ẹ ti ṣe gudugudu méje. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí. Bí ọjà ò bá tà, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ wá máa sinmi.”

Ọmọ rere ni, ìfẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àga rọ́bà ló kún ilé rẹ̀, láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù ikú kò ba Bàbá tó ẹ̀rù àga rọ́bà. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun dáadáa.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Akọ̀wé ni ní ilé ìtọ́jú eyín, ó sì máa ń ya ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ bó bá ti ṣíwọ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣí búlọ́ọ̀gì.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ibì kan lórí ayélujára tẹ́ ẹ ti máa kọ̀wé nípa iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá kà á, á mọ̀ yín.”

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ èyí tí wọ́n máa fi ṣí i: “Àga wa ló dára jù lọ ní gbogbo ìlú.” Bàbá kà á, ó bọ́ awò ojú.

“Ṣé o ti jókòó lé gbogbo àga ìlú ni?”

“Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò.”

“Àgúnmu tó bá ti pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dá sílẹ̀. Gbé e kúrò níbẹ̀. Èmi ni màá kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sórí ìwé. Orí pákó ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí, nítorí ó ní ìwé máa ń ká, ọ̀rọ̀ tó bá sì wà lórí ohun tó ká kò lè tọ́. Bí gbólóhùn kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní fagi lé e. Ìfági ló máa fi fá a kúrò, fìrì fìrì, á tún òmíràn kọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi pákó tó nípọn bí ìka méjì bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa parí rẹ̀, èèyàn ti lè rí òdìkejì pákó náà.

Bó bá kọ ọ́ tán, á gbé pákó náà sórí pẹpẹ tó máa ń sá àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí, á ní kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ sórí búlọ́ọ̀gì.

“Bàbá, pẹ́ńsù lẹ fi kọ ọ́. Ó ti gbẹ.”

“Pẹ́ńsù ló gbẹ. Ọ̀rọ̀ ò tíì gbẹ. Ohun téèyàn bá fọwọ́ kàn kó tó gbẹ, àpá ọwọ́ ẹ̀ á wà lára ẹ̀ títí ayé.”

Ọmọ náà kọ́kọ́ bínú. Níbo ni wọ́n ti ń sá ọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ńlá bú Bàbá níwájú èèyàn, Bàbá sì fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ tó gbóná bí iná sórí pákó. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó kà á, ó mi orí, ó fá gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun tó kọ dípò rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Àga òdìkejì dára gan-an fún ẹni tí kò ní pẹ́ jókòó.” Ìlà yìí ni àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ síra wọn káàkiri, òun ló sì mú kí wọ́n mọ ojú ọ̀nà búlọ́ọ̀gì náà.

Láti ìgbà náà, àbùkù àga kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sọ ìtàn àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí ní ojú igi lẹ́yìn. Èyí á gbé ọ bí o kò bá sanra. Èyí máa ń ké bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn èèyàn kà á títí, wọ́n ń kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Èló?”

“Kọ ọ́ sí i,” ni Bàbá wí fún ọmọ rẹ̀, “pé ẹ káàárọ̀.”

“Bàbá, oníbàárà ni o.”

“Ṣé bó ṣe máa wọlé mi nìyẹn? Kọ ọ́.”

Onítọ̀hún dáhùn pé ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá béèrè ilé. Ó béèrè iṣẹ́. Ó béèrè orúnkún ìyá onítọ̀hún tó ń dùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kí ara wọn kí Bàbá tó dá iye lé àga. Àga mẹ́fà lọ́kùnrin náà rà, ó sì gbé ìyá rẹ̀ wá kí Bàbá lè wọn orúnkún rẹ̀.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, àkọ́bí gbé mọ́tò wá láti kó ẹrù bàbá rẹ̀. Kò ríbi dúró sí. Ó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn títí ó fi wọlé, ó sì jókòó lé àga tó súnmọ́ ọn jù, òógùn ń bò ó.

“Dìde,” ni Bàbá wí. “Wọ́n ti sanwó èyẹn.”

Ó dìde. Ó bọ́ sórí òmíràn.

“Èyẹn náà.”

Ọmọ báńkì dúró, ó wo bàbá rẹ̀ tí eruku igi bo irun rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń dán. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. “Bàbá, ẹ bá mi kan mẹ́fà.”

“Ṣé o ti ka àbùkù wọn?”

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn dé, kò pẹ́ rárá. Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó rí pákó kan lórí pẹpẹ. Bàbá ti kọ ọjọ́ sí i létí. Ọjọ́ kejì tó ti ń gbẹ nìyẹn.

Kò kà á. Àwọn èèyàn ń béèrè lórí búlọ́ọ̀gì pé kí ló dé tí ibẹ̀ dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó ka nǹkan tó wà níbẹ̀, kò kà á. Ọjọ́ kẹta pé, ó fi ìka tọ́ ọ wò bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ó sì kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kì í ṣe títà. Ti ọmọ mi tó ń tẹ ọ̀rọ̀ mi ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá àbùkù lára rẹ̀. N kò rí.”

Ó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó lé àga náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún kò kanlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ojú ló ti ń dun Bàbá. Ojú kò dùn ún. Téèpù tó fi ń wọn igi ṣì wà lórí fèrèsé níbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi pẹ́ńsù kọ sára ògiri, ọ̀kan sì kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Bàbá mọ̀. Obìnrin olùkọ́ gbọ́, ó fi igi pẹlẹbẹ tirẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ náà dá a padà tọpẹ́tọpẹ́.

Ó wá mú pákó kan, ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, ó sá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè rí i lórí búlọ́ọ̀gì náà, abẹ́ ti Bàbá ló wà: “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi purọ́ nípa àga. Orí irọ́ náà ni mo jókòó sí kọ èyí. Ó ń mì díẹ̀. Ẹ má bá mi tún un ṣe.”