Oògùn Tí Mubarakah Kò Gbé Mì

Nínú oṣù ààwẹ̀ tí ó kọjá ni Mubarakah aránṣọ àti Nọ́ọ̀sì Ọláṣùmbọ̀ kọ́kọ́ pàdé, ní ilé ìwòsàn aboyún kan ní Ìgándò. Nọ́ọ̀sì náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú níbi tí ó ti ń tu oògùn adènà ibà sí etí híjáàbù.

"Ẹnu rẹ kì í ṣe àpò. Gbé e mì jàre!"

"Ẹ má bínú, mà. Mo gba ààwẹ̀ ni."

"Ṣebí wọ́n yọ̀ǹda aboyún?"

"Wọ́n yọ̀ǹda, mà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni n ó máa dá a san nígbà tí gbogbo ilé bá ń jẹun. Tí a bá ti ṣínu, n ó lò ó. Wallahi."

Nítorí ìbúra náà, nọ́ọ̀sì fún un ní òmíràn, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣínu, Mubarakah wo oògùn náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bá odò ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, ibà kò sì dá a dúbúlẹ̀ rí. Ó fi oògùn sójú fèrèsé, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ẹ̀yìn Ìtúnu.

Lẹ́yìn Ìtúnu, bí ó bá ti tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Oníkẹ́mísì gún un níka, ó ní kò sí ibà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, títí di ọjọ́ tí oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ yìí kò mira láti àárọ̀ títí di ìrun Aláásárì. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e sáré dé Ìgándò.

Ọláṣùmbọ̀ gbé ìwo tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ sí ikùn rẹ̀, ó fetí sí i. Ó sún un sápá kan. Ó tún sún un. Mubarakah kò mú ojú kúrò ní ẹnu rẹ̀.

"Mà, ẹ sọ̀rọ̀ ná!"

"Dákẹ́ kí n gbọ́." Ó mú etí kúrò lára ìwo. "Ọkàn ọmọ ń lù. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́."

Adéolú, ẹni tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wo ẹ̀jẹ̀ Mubarakah nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá títí kí ó tó rí kòkòrò ibà kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹyọ kan náà ló ń ṣe mí báyìí?"

"Àwọn yòókù ti sá sí ibi ọmọ," ni Ọláṣùmbọ̀ wí. "Bí kòkòrò yìí bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, yóò ṣe purotéènì kan, yóò sì nà án síta ara sẹ́ẹ̀lì náà. Òun ni sẹ́ẹ̀lì yẹn fi ń lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ibẹ̀ á wú, oúnjẹ ò ní ráyè kọjá sọ́dọ̀ ọmọ dáadáa."

"Ṣùgbọ́n ara mi ti mọ ibà láti kékeré, mà."

"Ara rẹ kò mọ irú èyí. Ṣé ibi ọmọ wà nínú rẹ ní kékeré ni?"

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ó gbé oògùn tuntun mì lójú nọ́ọ̀sì, ó sì gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń retí. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ọmọ tó ta á nípàá, fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọmọbìnrin ni ó bí, kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó kéré bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó ké. Abẹ́ híjáàbù ìyá rẹ̀, àyà mọ́ àyà, ni ó wà títí ó fi mọ ọmú mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí: bí aboyún bá wà nílé yín, ẹ rí i pé ó gbé oògùn ibà tí wọ́n bá fún un ní ilé ìwòsàn mì.