Kọ́ńtátọ̀ Ràmọ́nì nílé Ọlọ

Bí Bọ̀ọ̀dá Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n mi, bá ń tún rédíò ṣe, ahọ́n rẹ̀ a máa yọ síta bíi ti ajá tó sáré ti oko dé. Wáyà kún ilé wa ní Ṣakí. Mo ti sá ìró sórí ọ̀kan rí, díẹ̀ ló kù kó sunkún.

Lọ́dún tí iná ìjọba dé àdúgbò wa, Àlájà Fàtímọ̀ tó ń bá ará ìlú lọ èlùbọ́ ra ẹ̀rọ oníná ńlá. Pátákó oníbọ́tìnnì tó ń darí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi jẹnẹrétọ̀ lò tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ máa lò, àmọ́ kò lè gbé iná tí ẹ̀rọ ńlá ń fà. Ràmọ́nì ní kò burú.

“Bí ìyá ọkọ ni pátákó yìí, Àlájà. Ó mọ àṣẹ í pa, kò lè ru ẹrù. Kọ́ńtátọ̀, irin ìgbéná tí mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ìyàwó. Ìyá ọkọ á fi wáyà tín-ín-rín pè é, òun á gbé iná ńlá fún ẹ̀rọ.”

“Ìyàwó náà ò ní fèsì?” ni mo bi í.

“Àdìjátù, pa ẹnu ẹ dé!”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Bàbá wa ti sọ pé bí ẹ̀rọ náà kò bá lọ èlùbọ́ lọ́jọ́ ọjà, kó palẹ̀ wáyà mọ́, kó tẹ̀ lé òun lọ sóko Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kíkọ ebè kan ṣoṣo ń gbà ní odindi òwúrọ̀!

Ọjọ́ ọjà pé. Igbá gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n fẹ́ lọ̀, tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi káṣú. Ràmọ́nì tẹ pátákó. Kẹ̀! Ẹ̀rọ ké, ó lọ igbá mélòó kan, ó sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kẹ̀! Ẹ̀rọ ò mira.

“Ìyàwó ti kọ iṣẹ́ o,” ni mo wí. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Bàbá wa wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú Ràmọ́nì ti rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyá Abíọ́nà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tí wọ́n ti lọ tirẹ̀ tán, da èlùbọ́ sínú àpò, ó wá gbá ìdí igbá mọ́ òpó ilé ọlọ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè jábọ́. Eruku sọ. Ràmọ́nì yíjú. Ara òpó yẹn gan-an ló so kọ́ńtátọ̀ mọ́!

Ó pa iná, ó tú u wò. Èlùbọ́ ti dí àárín irin tó yẹ kó fara kan ara wọn.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti fún ìyàwó mi lóúnjẹ yó!”

Ó já gèlè orí mi gbà, ó fi nù ún mọ́ tónítóní. Ó gbé e kúrò lára òpó lọ sára ògiri ẹ̀yìn, nínú àpótí pákó, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dí etí ìdérí rẹ̀. Ó tẹ pátákó. Kẹ̀! Ẹ̀rọ bú ramúramù, kò sì dákẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin ń gbá igbá mọ́ òpó bó ṣe wù wọ́n, èlùbọ́ ń dà, wọ́n ń pariwo “Ràmọ́nì o!”, èmi náà ń pariwo, orí mi lásán.

Bàbá gba igbá gbodo tiwa lọ́wọ́ mi, ó lọ dúró síparí ìlà.

“Bàbá, ẹ bọ́ síwájú kí wọ́n tètè lọ tiyín,” ni Àlájà wí.

“Ẹ jẹ́ kí n tò,” ni Bàbá dáhùn. “Ọmọ mi ló ń lọ̀ ọ́. Mo fẹ́ pẹ́ níbí.”