Ìdọ̀tí Ilé Olúwa

Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run ní òpópónà wa, ẹ má wá a jìnnà. Káfíńtà tí à ń pè ní Bàbá Ìgbálẹ̀ ni. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Sátidé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Á gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì, á nu fèrèsé, á máa kọrin lọ. Ká sọ tòótọ́, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ ju àwo ìjẹun ẹlòmíì lọ.

Àárọ̀ Sátidé yìí kan náà ni gbogbo òpópónà máa ń kó gọ́tà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí a fi ṣe olórí òpópónà, á gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, á máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Tó bá kan ṣọ́ọ̀ṣì, káfíńtà á na ìgbálẹ̀ sí i.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ Olúwa ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ayé kó gọ́tà wọn."

"Bàbá Ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ yín méjèèjì ò tíì kúrò láyé o," obìnrin náà á wí, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ẹ̀gbọ́n ìyá káfíńtà ń gbé, nínú yàrá kan tó rẹlẹ̀. Màmá yìí ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Òun ló fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló kọ́ ọ ládùúrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́ báyìí, bí òjò bá sì ti rọ̀ dáadáa, gọ́tà á kún, omi á wọlé wá bá a nídìí ibùsùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú òkèèrè ti sọ ọ́ láìfi bò: bí omi bá tún wọlé, òun ń bọ̀ wá gbé ìyá òun lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ káfíńtà lọ́kàn. Ta ni òun yóò máa bá jẹun alẹ́? Ta ló tún kù láyé tí yóò máa pe òun, tòun ti ewú lórí, ní "ọmọ mi"? Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá omi náà dúró. Ó tiẹ̀ gbààwẹ̀. Ṣọ́bìrì nìkan ni kò gbé.

Ní Sátidé kan, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà gbálẹ̀ tán, ó sáré wọlé tọ Màmá lọ.

"Omi yìí, kí ló ń dí i?" Màmá bi í.

"Gọ́tà ni, Màmá. Àwọn ará ayé ò kó o dáadáa."

"Lọ bá mi wò ó."

Ta ni yóò gbọ́ ti Màmá kó má lọ? Ó yá ṣọ́bìrì Nọ́ọ̀sì, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó kọ́kọ́ wà jáde ni kùkùté àbẹ́là. Lẹ́yìn náà, òdòdó orí pẹpẹ tó ti rà, ìwé ètò ìsìn tó ti di ẹrẹ̀, àti àwọn ife kéékèèké tí a fi ń gba oúnjẹ Olúwa. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ti máa ń gbá gbogbo wọn jáde láti ọjọ́ yìí, kò sì wo ibi tí wọ́n ń já sí rí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú tì í gidigidi.

Òjò dé, ó ń wà á lọ. Nọ́ọ̀sì rí i, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó mú ṣọ́bìrì mìíràn, ó bọ́ sínú gọ́tà. Nígbà tó yá, omi rí ọ̀nà, ó ń ṣàn lọ.

Ilẹ̀ yàrá Màmá gbẹ. Káfíńtà kúnlẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀ lára.

"Màmá, èmi ni mo ń da omi sí yín lára."

"Mo mọ̀," Màmá wí. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ni ìdọ̀tí tí ò ń gbá jáde ń bọ́ sí. Mò ń gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ò ń kọrin, ọmọ mi. Inú rẹ ń dùn. Mo ní kí n fara dà á. Ìgbà tí wọ́n ní àwọn á gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni mi ò lè fara dà á mọ́."

Káfíńtà gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí Nọ́ọ̀sì tó kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, inú gọ́tà ló ti gbọ́ orin rẹ̀.