Kóòtù Tí Dókítà Bi Ní Ìbéèrè

Bàbá Aránṣọ ti kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kóòtù ọrùn rẹ̀ ò kú. Lọ́jọ́ tó lọ gbàtọ́jú ní ọsibítù, dókítà kọjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kò wo ojú ẹni tó wọlé. Bàbá bá bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì rọra jáde lọ jókòó ti ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Inú tó ń run yín yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Dókítà bèèrè. Kóòtù ò fọhùn. "Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?" Ó ṣì ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Bàbá, ẹ dáhùn o, èrò pọ̀ níta!"

Ọmọ tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. "Bàbá mi, ẹ dójú tì mí!"

"Ta ló dójú ti ta? Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ, mi ò gé ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni rí láì fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Ikùn tèmi wá di ohun tí wọn ò lè tẹ̀ wò? Ìwọ̀sí ni!"

Ìwọ̀sí ni, ó kúkú jàre. Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ń fi orí ìka méjì kàn án, bí ẹni tó ń yọ eṣinṣin nínú ọbẹ̀. Bàbá fa téèpù yọ lápò, ó wọn apá ọmọ ọlọ́mọ láti èjìká dé orí ìka. "Ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n! Apá yìí gùn tó, kí ló dé tí kò dé ọ̀dọ̀ mi?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di èjìká Bàbá mú. Látọjọ́ náà, kì í kọjá láì fọwọ́ lé e.

Ọmọ rẹ̀ gan-an wá dìde ìjà. Ó ń dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì: "Ẹ rọra gbé bàbá mi! Ṣé igi ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá pè é. "Ìyá mi, o ti bá gbogbo wọn jà tán. Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, o ò tíì fọwọ́ kàn mí."

Inú bí i. "Èmi? Ta ní ń fọ aṣọ yín? Ta ní ń gbé oúnjẹ wá?" Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Bàbá ti rù kan egungun, ẹ̀rù sì ń bà á láti fọwọ́ kan egungun náà. Ó jókòó, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Háà, ọwọ́ rẹ tutù o."

"Ṣé kí n mú un kúrò?"

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?"

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni Bàbá kú, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ti ọmọ rẹ̀.